Ẹ Yẹ Mọ́tò Wò Kí Ẹ Tó Kọjá Bọ́dà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ti àwọn tó rajà àwìn tí wọn kò san. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Mọ́tò tí à ń gbé lọ sí Kútọnu, tí à ń gbé lọ sí Lomé, tí àwọn mìíràn nínú wa ń gbé dé Àkírà ní ilẹ̀ Gánà.

Nígbà kan, mọ́tò ìdíkọ̀ ni gbogbo wa ń wọ̀. Lóde òní, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní Sienna tàbí bọ́ọ̀sì kékeré tiwọn. Ẹni márùn-ún á dá owó epo jọ, wọn á pe dírẹ́bà kan, ó di Sẹ̀mẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò dára ni bí a ṣe ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń múra ọjà. A ó ka ìdì aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó so owó mọ́ ìdí, a ó pe oníbàárà lórí fóònù títí. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí yóò gbé àwa àti ọjà, àárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ gan-an la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi dírẹ́bà pé, "Ṣé mọ́tò yìí dára ṣá?" Kí lẹ rò pé yóò sọ? "Màmá, kò sí wàhálà." Ó parí. A ti wọlé jókòó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa: ìmúra mọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ dírẹ́bà nìkan. Ẹni tó ni mọ́tò àti ẹni tó sanwó wọ̀ ọ́, àwọn ló ni iṣẹ́ náà. Bí wàhálà bá dé, dírẹ́bà lè fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìdì aṣọ kò lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní mọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, kó rántí àwọn ìyá Lomé tí wọ́n ń pè ní Nana Benz. Aṣọ àǹkárá ni wọ́n ń tà, òun ni wọ́n fi ra Mercedes-Benz tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ pé ìjọba Tógò a máa yá mọ́tò wọn lò nígbà tí àlejò ńlá bá wọ̀lú. Obìnrin ọjà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ní mọ́tò. Ó yẹ ká mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwé, torí ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò jù.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń pariwo "ECOWAS! ECOWAS!" bí ọ́fíísà bá dá wa dúró. Ṣé ẹ mọ ohun tí òfin ECOWAS sọ gan-an? Ní 1979 ni àwọn ìlú náà fọwọ́ sí àdéhùn pé ará ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Inú àdéhùn kan náà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ mọ́tò. Mọ́tò ilé, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ti owó, lè wọ ìlú kejì kó lo 90 ọjọ́. Mọ́tò akérò tàbí akẹ́rù, ọjọ́ 15 péré ni, kò sì gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ owó kiri nínú ìlú onílùú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí dírẹ́bà yín ń kó èrò ní Kútọnu lọ sí Lomé kó tó wá gbé yín, ẹ bá a wí o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ka ìwé mẹ́rin sílẹ̀ tí ẹni tó bá gbé mọ́tò wá gbọ́dọ̀ mú jáde: láìsẹ́ǹsì ìwakọ̀ tí kò tíì kú, ìwé tó fi ẹni tó ni mọ́tò hàn, ìnṣọ́ránsì tí àwọn ìlú náà mọ̀, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Mẹ́rin. Àwa á mú méjì dání, a ó wá máa fi ECOWAS halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó fẹ́ fi òfin jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú òfin lọ́wọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ìwé ẹni tó ni mọ́tò ló ń kó bá ọ̀pọ̀ nínú wa. A ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, orúkọ ẹni náà ló ṣì wà lórí pátíkúlà títí dòní. Nílé, ọlọ́pàá lè gbójú fò ó. Lókè ọ̀hún, wọn kò mọ ìyá ẹnì kankan, ohun tí wọ́n ń wò ni pé orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù kọ́ ló wà lórí ìwé mọ́tò. Ẹ lọ yí i padà sí orúkọ yín. Bó bá sì jẹ́ ti ọkọ yín tàbí ti ọmọ yín ni mọ́tò, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó fọwọ́ sí i pé òun ló ní kí ẹ gbé e kọjá, kí ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kí ẹ so ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹ má rò pé àlọ nìkan ló wúlò fún. Àbọ̀ gan-an ló le. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti bọ́dà orí ilẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹ ń bọ̀ láti Kútọnu pẹ̀lú mọ́tò tí ẹ ti ń lò láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹ̀dà ìwé owó-ẹrù tí wọ́n san lórí rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọ ìlú. Ọ́fíísà ní òun kò mọ̀ bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní ọ̀hún ni. Kí lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn? Ẹkún?

Ní ti ìnṣọ́ránsì, èyí tí ẹ rà nílé, bọ́dà ló parí sí. Ohun tó ń gbé e kọjá ni Brown Card ECOWAS. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1982, kì í ṣe nǹkan tuntun. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: ká ní mọ́tò yín kọ lu ẹnì kan ní Tógò, ilé iṣẹ́ Brown Card tó wà ní Tógò ni yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà bí òfin ìlú wọn ṣe là á sílẹ̀, wọn yóò sì padà gba owó náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín nílé. Ẹ kò ní sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹbí tó tajà wá rà yín padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹni tí mọ́tò yín ṣe léṣe ni Brown Card wà fún. Kò kan mọ́tò tiyín, kò sì kan ọjà tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ó kan gbogbo rẹ̀ fẹ́ tajà fún yín ni. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ra ìnṣọ́ránsì mọ́tò ni kí ẹ ti gbà á, ẹ má rà á lábẹ́ agboòrùn ní bọ́dà. Mo mọ̀ pé owó ti gbẹ́nu sókè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún mọ́tò ilé ti kúrò ní N5,000 tó di N15,000. Síbẹ̀, ẹ fi wé owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Bí ẹ bá dé bọ́dà, kọ́sítọ́ọ̀mù ìlú tí ẹ ń wọ̀ yóò fún mọ́tò ní ìwé tí wọ́n ń pè ní laissez-passer. Ọjọ́ tí yóò kú wà lára rẹ̀. Kí ẹ̀yin fúnra yín kà á, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún dírẹ́bà. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀ nìyí fún ẹni tí kò gbọ́. Bí ọlọ́pàá ibẹ̀ bá ní "permis", láìsẹ́ǹsì ìwakọ̀ ló ń béèrè. "Carte grise" ni ìwé mọ́tò. "Assurance" ni ìnṣọ́ránsì, Brown Card ni kí ẹ nà sí i. "Visite technique" ni ìwé tó fi hàn pé mọ́tò yẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ mẹ́rin yìí, tó na ìwé tó tọ́ láìwolẹ̀ wòkè, ọ́fíísà fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé ẹni yìí ti rin ọ̀nà yìí rí.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn kan nínú wa máa ń fọ̀. Wọn a ní, "Ìwé pé o, ìwé ò pé o, wọn á gbowó náà ni." N kò ní purọ́ fún yín. Òótọ́ ni pé láti Àgbárá dé Sẹ̀mẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀ jù, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń fẹ́ rí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gúnjẹ pín sí méjì. Ọ̀kan wà tí ọ́fíísà ń tọrọ, tí ẹ lè fi ẹ̀rín dá a lóhùn, kí ẹ ní, "Ọmọ mi, ọjà kò tíì tà." Òmíràn wà tó ń gbà bí ẹni gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí ó ti rí ihò lára yín. Èyí kò ní iye. Ẹni tí Brown Card rẹ̀ ti kú, tí ìdì aṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí oòrùn sì ń wọ̀, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san. Ẹ jókòó kí ẹ ṣírò ohun tí ẹ ti san báyìí láàárín ọdún kan, kí ẹ fi wé owó ìwé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ó kù ti mọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ̀mí ló sì wà níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ ó rí lẹ́tà DOT, níparí rẹ̀ ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ẹni tó lè ka owó lè kà á. Táyà tokunbọ̀ tí wọ́n fi nǹkan dúdú pa lára lè máa dán gbinrin, kó sì ti pé ọdún mẹ́wàá. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Èrò tèmi ni pé táyà tó bá ti kọjá ọdún 5 kò yẹ ní ohun tí à ń gbé lọ sí ìlú onílùú, pàápàá lẹ́yìn Sienna tí a di ẹrù sí títí ìdí rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀.

Atẹ́gùn tó yẹ kó wà nínú táyà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára igi ilẹ̀kùn dírẹ́bà, bí ẹ bá ṣí i ẹ ó rí i. Àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí táyà tutù, ni kí fọ́kánáísà wọ̀n ọ́n. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, tí ẹrù wá pọ̀ lórí rẹ̀, inú ló ti ń gbóná, ìgbà tí yóò bá bẹ́ kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Sípéà ńkọ́? Ẹ wò ó kí ẹrù tó bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti rí àwọn èèyàn wa lẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn Ouidah, tí wọ́n tú ìdì ọjà mẹ́rìnlá sílẹ̀ sórí koríko kí wọ́n tó kan sípéà. Wọ́n kàn án tán, kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀. Jáàkì wà, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò mu kò sí. Ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn táyà, bíréèkì. Kí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kì í ṣe iwájú nìkan. Omi bíréèkì tó ti pẹ́ máa ń fa omi mọ́ra, bó bá sì gbóná, ẹsẹ̀ dírẹ́bà á wọlẹ̀, mọ́tò kò ní dúró. Ẹ ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Kó wo rédíétọ̀ àti àwọn rọ́bà tí omi ń gbà, kó wo bẹ́líìtì bóyá ó ti ń sán. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, wáípà, fèrè: èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Iṣẹ́ gbogbo yìí, ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì fi mọ́tò náà rìn nínú ìlú. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́la kí ẹ gbéra lọ́tùn-ún. Ohun tó bá dè tí kò le, ojú ọ̀nà ló ti máa ń tú.

Agolo apaná tí kò tíì kú, àmì pupa onígun mẹ́ta tí à ń gbé sẹ́yìn mọ́tò tó bàjẹ́, àti àpótí oògùn kékeré, kí wọ́n wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó wọn. Wọ́n máa ń béèrè wọn lọ́hùn-ún, kì í ṣe eré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sínú bọ́ọ̀tù pé kó lè tó àbọ̀, mo bẹ̀ yín. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí gbiná ní agbègbè Sẹ̀mẹ̀ lápá Benin, ó lé ní 30 ènìyàn tó bá a lọ. Kẹ́ẹ̀gì kan nínú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, láàárín ìdì aṣọ, kò yàtọ̀ sí ibẹ̀. Ẹ kún táńkì nílé ìtajà epo kí ẹ tó dé bọ́dà. Kútọnu kò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀, láti Kútọnu dé Lomé kò sì ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ. Bó bá sì tán, ẹ ra èyí tó wà nílé epo, ẹ fi kpayo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà sílẹ̀. Ìdọ̀tí tó máa ń wà nínú rẹ̀ lè di ẹ́ńjìnnì lọ́nà ọ̀fun.

Nǹkan díẹ̀ wà tí dírẹ́bà wa gbọ́dọ̀ mọ̀. Lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé tí kò sí iná tàbí àmì, ẹni tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún ló lọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tóóró ló ti jáde. Àwọn ọlọ́kadà Kútọnu tó ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò, zémidjan, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, àwọn òpópónà kan sì ní ìlà tiwọn. Kí dírẹ́bà má wọ̀ ọ́. Wọ́n ń gbowó ibodè ní Ekpè kí ẹ tó wọ Kútọnu, àti ní Ahozon bí ẹ bá ń lọ sí Ouidah. Kí ẹ ti ní owó sẹ́fà wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Aago Tógò àti ti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ẹ má sì rìn lóru. Èyí kò ní àlàyé.

Kí ẹ gbọ́ ìròyìn náà kí ẹ tó gbéra. Ẹ rántí oṣù kẹjọ 2019, bí wọ́n ṣe ti bọ́dà pa tí ọjà àwọn kan há sọ́hùn-ún. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Àwọn kan á ní àdúrà ló ṣe kókó. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n fọ́kánáísà kì í gba àmín dípò owó táyà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe nìyí. Mọ́tòkímọ́tò tí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá fẹ́ fi kọjá bọ́dà, kí mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ẹ̀dà gbogbo ìwé mọ́tò àti láìsẹ́ǹsì dírẹ́bà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wà nínú mọ́tò àti nọ́ńbà ilé wọn. Ẹni tó ni mọ́tò ni yóò ra táyà, torí ohun ìní rẹ̀ ni. Gbogbo èrò ni yóò dá owó Brown Card àti ti mẹkáníìkì, torí ẹ̀mí gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní owó náà pọ̀ jù, kó dúró de mọ́tò mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ni mọ́tò kò ní fẹ́ èyí, wọ́n á ní a fẹ́ máa fún wọn láṣẹ lórí ohun ìní wọn. Rárá o. Bí wọ́n bá ń dá gbé e lọ, ti wọn ni. Bí wọ́n bá ti gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ wa, ó ti di ti gbogbo wa.

N ó gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú Ìyálọ́jà àti ìgbìmọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀, kó má sọ ọ́ sí ìdí àtẹ. Ẹni tí ìrìn-àjò rẹ̀ kò bá lè dúró de ìpàdé, kó mú pátíkúlà mọ́tò rẹ̀ wá sọ́dọ̀ akọ̀wé, a ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kó mú láìsẹ́ǹsì dírẹ́bà náà dání.